Ẹyẹ Orí Àtẹ̀gùn

Bátìrì kan ṣoṣo ni àwọn ọlọ́pàá rí tí wọ́n fi ti Jeremiah mọ́lé. Bátìrì onígun mẹ́rin kékeré ni, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ rédíò pélébé. Wọ́n bá a nínú mọ́tò rẹ̀, ó sì lágbára dáadáa. Wọ́n bá irú rẹ̀ nínú alámù èéfín, ẹ̀rọ tó ń dún bí èéfín bá dé, tó wà lókè àtẹ̀gùn ilé tí Jeremiah háyà yàrá sí ní Plumstead, ṣùgbọ́n èyí tó wà níbẹ̀ ti kú pátápátá. Ni ọlọ́pàá bá ro ó papọ̀: Jeremiah yọ èyí tó dára, ó fi òkú bátìrì dípò rẹ̀. Nígbà tí iná hítà rẹ̀ wá ràn mọ́ aṣọ lọ́sàn-án Sátidé, alámù ò dún. Èéfín gun àtẹ̀gùn lọ bá Ọlábímpé lórí bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Nọ́ọ̀sì ni Ọlábímpé, iṣẹ́ òru ló ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀, tó ti Iléṣà wá bá a tọ́jú ọmọ tuntun, ti pọn ọmọ jáde kí ilé lè dákẹ́ fún un. Ilé dákẹ́ fún un lóòótọ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Èmi ni Fàtáì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, mínìkáàbù, irú tákísì kan, ni mò ń wà ní Woolwich nílùú òyìnbó. Ẹni tó ni iṣẹ́ ìwádìí yìí ni Auntie Bọ́lá, Ọmọ́bọ́lá Ṣódípọ̀. Ó ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá n'Íbàdàn títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó wá di ẹni tí àwọn lọ́yà Woolwich ń gbé iṣẹ́ fún. Ó lè wo ojú òpùrọ́ kó mọ ohun tó jẹ lánàá, ṣùgbọ́n kò lè wakọ̀. Ó ti ṣe ìdánwò ọkọ̀ títí, ó sú àwọn tó ń dán an wò. Nítorí náà, ibi tó bá ń lọ, èmi ni mò ń gbé e lọ, mo sì máa ń tẹ́tí sílẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nínú òtútù tí ń géni létí jẹ.

Lọ́yà Jeremiah ti là á yé wa kí a tó wọ àgọ́ ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ pé aṣọ iwájú hítà nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, àìbìkítà ni wọn yóò pè é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ba alámù jẹ́, tí ènìyàn sì tipa bẹ́ẹ̀ kú, ọ̀ràn apànìyàn ni, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò sì fi jẹ ẹ̀wà ọba. Lọ́yà parọ́ díẹ̀ pé akọ̀wé òun ni mí, wọ́n sì jẹ́ kí n wọlé.

Jeremiah ti rù kalẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún, adúláwọ̀ bí èmi, àwọ̀ rẹ̀ wá dà bí eérú.

"Màá bi ẹ́ ní ọ̀rọ̀, o ò sì ní parọ́ fún mi," ni Auntie Bọ́lá wí. "Ta ló gbé aṣọ síwájú hítà?"

"Èmi ni, Auntie. Uniform iṣẹ́ mi ló tutù."

"O wá jáde fi í sílẹ̀?"

"Mo ní kí n sáré ra búrẹ́dì. Mo pàdé ẹnìkan lọ́nà, a dúró sọ̀rọ̀." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Búrẹ́dì, Auntie. Búrẹ́dì lásán."

"Bátìrì inú mọ́tò ńkọ́?"

"Ti máìkì ṣọ́ọ̀ṣì ni. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn máìkì wa, èmi ni mò ń tún wọn ṣe. Bátìrì kú mọ́ Pastor lẹ́nu rí níbi tó ti ń wàásù, láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fi ọ̀kan pamọ́ sínú mọ́tò."

"Màmá Ọlábímpé ní òun rí ẹ lórí àga lókè àtẹ̀gùn, tí o nawọ́ sí àjà."

"Gílóòbù ni mo pààrọ̀! Iná àtẹ̀gùn kú, mo ní kí Màmá má baà ṣubú pẹ̀lú ọmọ. Auntie, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò mọ̀ pé alámù wà níbẹ̀. Mo rí nǹkan funfun rìbìtì kan, mo rò pé ibi tí wáyà iná gbà wọlé ni."

Auntie Bọ́lá wò ó pẹ́. Mo mọ irú wíwò yẹn, ó ti wò mí bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ní góòsìló ló dá mi dúró.

"Mo gbà ẹ́ gbọ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ mi ò ṣí ilẹ̀kùn yìí."

*

Sájẹ́ǹtì tó ń rí sí ẹjọ́ náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn ti parí ìrònú rẹ̀ ni. Ó gbé alámù náà síwájú wa nínú ọ̀rá. Iná ò dé òkè ilé rárá, èéfín ló débẹ̀, nítorí náà alámù wà lódindi, ó kàn dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ta ló ṣí i?" ni Auntie bèèrè.

"Àwa ni. Ọ̀bẹ la fi ṣí i."

"Ọ̀bẹ kẹ̀? Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yí i."

"Ó le."

Auntie yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. "Ẹ wo ibi tí ìdérí ti pàdé ìdí rẹ̀. Ọ̀dà funfun ló dí i. Ọ̀bẹ yín ló já ọ̀dà náà sí méjì, ìlàjì wà lára ìdérí, ìlàjì wà lára ìdí. Ẹ gbé wọn sún mọ́ra, wọ́n bára mu régé. Ẹni tó kun àjà ló kun alámù mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ṣí i títí ẹ fi dé."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Sájẹ́ǹtì ní tirẹ̀ kàn gbé ìdérí náà wò, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Ọ̀dà ò ní ọjọ́ lára. Ó lè yọ bátìrì tán kó fi ọ̀dà dí i. A bá agolo ọ̀dà funfun lábẹ́ àtẹ̀gùn wọn."

"Ilé wo ni kò ní ọ̀dà funfun?"

"Màdáámú, ìyá olóògbé fi ojú ara rẹ̀ rí i lórí àga. Ẹ mú ẹnìkan wá tó lè sọ fún mi pé, lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, alámù náà ṣì ní bátìrì tó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ ò bá rí i mú wá, Jeremiah á dé kóòtù lọ́jọ́ Ẹtì."

Nígbà tí a jáde, Auntie dúró lẹ́bàá mọ́tò kò wọlé. "Ọlọ́gbọ́n ni òyìnbó yẹn," ni ó wí. "Ìbéèrè tó yẹ ló bi mí. Mi ò kàn mọ ẹni tó lè dáhùn rẹ̀ ni."

*

Alhaji Yẹ̀kínì ló ni ilé tó jóná. Ó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Plumstead High Street, òun sì ni mo fura sí.

"Bátìrì àlòkù ló fi sí i látìbẹ̀rẹ̀," ni mo sọ fún Auntie lọ́nà. "Kí ayálégbé ṣáà lè rí nǹkan lójú àjà."

"Fàtáì, gbogbo ẹni tó bá lówó jù ẹ́ lọ lo máa ń fura sí."

"Auntie, àwọn yẹn mà pọ̀ o."

A bá Alhaji láàárín iṣu àti ẹja gbígbẹ. Kò jẹ́ kí a kí i tán.

"Madam, ẹ wò mí dáadáa. Ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ báyìí ni òfin ní kí wọ́n fi alámù èéfín sí. Ilé tèmi ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi. Wọ́n ní káńsù lè ní kí lánlọ́ọ̀dù fi sí ilé àjọgbé, ṣùgbọ́n wọn ò tíì kanlẹ̀kùn mi. Èmi ni mo fínnúfíndọ̀ ra á. Mo fi ọ̀kan sí Plumstead, mo fi ọ̀kan sí ilé mi kejì ní Belvedere. Ọjọ́ kan náà, tuntun ni bátìrì méjèèjì, inú páálí kan náà. Lánlọ́ọ̀dù wo lẹ tún mọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ṣeun, Alhaji. Ìgbà wo lẹ kun àjà?"

"Lọ́sẹ̀ yẹn náà, kí n tó gba ayálégbé kankan wọlé."

"Ẹ sọ fún wọn pé alámù wà níbẹ̀?"

"Ṣé wọn ò lójú ni?"

"Ọ̀dà kan náà lẹ fi kun òun àti àjà."

Alhaji ká apá rẹ̀ sáyà. "Mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Mo fi ibi mítà hàn wọ́n. Mo sọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí. Kí ni wọ́n tún ń fẹ́?"

"Ta ló yẹ kó máa pààrọ̀ bátìrì?"

"Ẹni tó ń gbé inú ilé ni!"

"Ẹni tí kò mọ̀ pé bátìrì wà?"

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í to iṣu tó ti tò tẹ́lẹ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Auntie náà rí i, ó yí ohùn padà.

"Wọ́n ti fẹjọ́ ilé náà sùn yín rí?"

"Ẹjọ́ ẹyẹ nìkan. Ọlábímpé, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló fóònù pé ẹyẹ ń ké nínú òrùlé, ìyá òun ò rí oorun sùn. Mo rán ẹnìkan lọ síbẹ̀. Ó gun òrùlé, kò rí ìtẹ́, kò rí ìyẹ́, kò rí ìgbẹ́. Ó ṣáà fi nẹ́ẹ̀tì dí ihò tó rí. Ẹ ò rí i pé mò ń tọ́jú ilé mi?"

Auntie dúpẹ́, ó jáde. Ó jókòó sínú mọ́tò, kò wí kí n lọ, kò wí kí n má lọ.

"Fàtáì," ni ó wí níkẹyìn, "ẹyẹ wo ni kì í yàgbẹ́?"

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ilé tẹlifóònù ẹ̀bá ọ̀nà, ó pe lọ́yà pé kó bi Jeremiah bóyá ó gbọ́ ẹyẹ nílé náà. Kò pẹ́ tí lọ́yà fi pe ilé tẹlifóònù náà padà. Jeremiah ní òun ò gbọ́ ẹyẹ. Ó ní òun máa ń gbọ́ nǹkan kékeré kan tó ń dún lókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé bípà tí wọ́n fi ń pe àwọn nọ́ọ̀sì ni, òun ò sì fẹ́ yọ ọmọlọ́mọ lẹ́nu nítorí iṣẹ́ rẹ̀.

*

Pastor Amos, olùṣọ́ àgùntàn Ọlábímpé àti Jeremiah, ń to àga nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń háyà lẹ́yìn Powis Street. Ní gáráàjì bọ́ọ̀sì ló ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, òróró ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Nígbà tí Auntie dárúkọ ẹyẹ, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga náà.

"Màmá ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ," ni ó wí. "Òun nìkan ló wà nílé pẹ̀lú ọmọ. Nǹkan ké lórí àtẹ̀gùn. Ó wá a títí, kò rí nǹkan kan. Bó bá ti ń rò pé ó ti lọ, á tún ké. Mummy, ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà wa ń wí nípa ẹyẹ tó bá ń ké nínú ilé tí ọmọ tuntun wà."

Kí ẹnikẹ́ni má fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ìbá ti gbé ọmọ sá jáde láì wọ bàtà, èmi fúnra mi ìbá sì tẹ̀lé e.

"Kí ni Ọlábímpé sọ?"

"Ó ní ẹ̀rọ máìkì tí Jeremiah ń tún ṣe nísàlẹ̀ ló ń dún. Ó ní òun ò ní tìtorí ìyẹn bá arákùnrin nínú ìjọ ṣe gbólóhùn asọ̀. Kí ọkàn ìyá rẹ̀ ṣáà lè balẹ̀ ló ṣe pe lánlọ́ọ̀dù."

"Jeremiah sì rò pé bípà Ọlábímpé ni," ni Auntie wí jẹ́jẹ́.

Ilé àjọgbé tiwa nìyẹn. Ẹni òkè ń gba ti ẹni ìsàlẹ̀ rò, ẹni ìsàlẹ̀ ń gba ti ẹni òkè rò, kò sì sí ẹni tó kanlẹ̀kùn ẹnìkejì pé kí ló ń dún yìí. Ká ní wọ́n jẹ́ oníjà ni, Ọlábímpé ì bá wà láàyè.

"A gbààwẹ̀," ni Pastor ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "A lọ gbàdúrà lórí àtẹ̀gùn yẹn gan-an. Lọ́jọ́ tí a máa ṣínu, ẹyẹ dákẹ́. Kò ké mọ́. Màmá wá jẹ́rìí nínú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo wa jó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ilé jó." Ó wo ilẹ̀. "Láti ìgbà náà, mi ò mọ ohun tí mo lè wàásù lé lórí."

"Pastor, ẹ dákun, ẹ rántí dáadáa. Kí Jeremiah tó gun àga lẹ gbààwẹ̀, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ó dá mi lójú, torí pé ọjọ́ tí Màmá rí Jeremiah lórí àga ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Jeremiah ló ni ẹyẹ. Ó ní alẹ́ ọjọ́ náà ló tún wá ké jù."

Auntie Bọ́lá di ẹ̀yìn àga mú.

"Fàtáì," ni ó wí, "gbé mi lọ gba kọ́kọ́rọ́ Belvedere lọ́wọ́ Alhaji."

*

Ilé Belvedere ṣófo láti ìgbà Kérésìmesì, àwọn tó ń gbébẹ̀ ti kó lọ. A jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú òtútù, kóòtù wa lọ́rùn. Auntie ní kí n má sọ̀rọ̀, kí n má mi ẹsẹ̀. Mo jókòó bí ọmọ ilé kéwú. Mo ti fẹ́ sọ pé àwọn oníbàárà mi ń dúró dè mí nígbà tí nǹkan ké lórí wa.

"Kuín!"

Mo pe orúkọ Ọlọ́run, mo sì ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí pé ọkùnrin ni mí. Ilé tún dákẹ́. Mo wo òkè, mi ò rí nǹkan kan, àfi nǹkan funfun rìbìtì kan lójú àjà funfun.

"Ẹyẹ Màmá nìyẹn," ni Auntie wí. "Bí bátìrì alámù bá ń kú lọ, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ké. Ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ọjọ́ kan náà ni Alhaji fi bátìrì sí méjèèjì. Ti Plumstead ló kọ́kọ́ kú, èyí ló wá kù."

Ẹ má bi mí ìdí tí n kò fi mọ̀. Nílé tí èmi háyà, kò sí alámù kankan, lánlọ́ọ̀dù tèmi ò tilẹ̀ ṣe ojú ayé.

"Lẹ́yìn tí Jeremiah gun àga, ó ṣì ń ké," ni mo wí, bí ó ṣe ń yé mi ni mò ń sọ ọ́. "Bó bá ti yọ bátìrì, kò ní ké. Auntie, ẹ ti tú u sílẹ̀!"

"Mi ò tíì tú u. Pastor ò gbọ́ ẹyẹ, wọ́n sọ fún un ni. Jeremiah ò lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló gbọ́ ọ tó sì mọ ọjọ́ tó gbọ́ ọ."

Ayọ̀ mi kú sẹ́nu mi. "Ṣùgbọ́n ẹyẹ dákẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣínu ààwẹ̀."

"Bátìrì kú lọ́jọ́ náà ni," ni Auntie wí.

Ó ní kí n wá àga, kí n yọ alámù náà wálẹ̀. Ó yọ bátìrì inú rẹ̀, ó fi alámù sínú báàgì, ó fi bátìrì sínú àpò kóòtù rẹ̀, kí ó má baà ké mọ́ Màmá létí láì tíì sọ fún un.

*

Ilé Pastor ní Thamesmead ni Màmá àti ọmọ wà. Pastor pàdé wa lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọnkéré tó gùn lọ níwájú àwọn fúláàtì. Auntie sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀. Ó fara ti ògiri.

"Mummy, ẹ má sọ fún un. Ẹ̀rí ọjọ́ yẹn ló fi ń jí láàárọ̀. Ó ní Ọlọ́run tó lé ẹyẹ lọ mọ ìdí tó fi mú Ọlábímpé. Bí ẹ bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù?"

"Kí n wá jẹ́ kí wọ́n gbé Jeremiah lọ? Ọmọ ìjọ yín kọ́ ni?"

Pastor kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún wa.

Màmá ń rìn kiri nínú pálọ̀, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Auntie kúnlẹ̀ kí i, èmi dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Mà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí irú ẹ̀ mọ́."

"Àmín, ọmọ mi. Ẹ dìde."

"Màmá, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló gbé wa wá. Ọjọ́ tí ẹ rí Jeremiah lórí àga, ṣé ẹyẹ ké lẹ́yìn ìyẹn?"

"Ó ké! Alẹ́ ọjọ́ náà, mi ò fojú kan oorun. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé òun ló ni ín. Òun ló pa ọmọ mi. Kò ní rí ojúure Ọlọ́run láyé, kò sì ní rí i lọ́run."

"Ẹ sọ ti ẹyẹ fún ọlọ́pàá?"

"Wọn ò bi mí. Kí ni òyìnbó mọ̀ nípa ẹyẹ? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́, màá sọ ọ́. Ibikíbi ni màá ti sọ ọ́."

Mo fà mọ́ Auntie, mo sọ ọ́ sí i létí: "Ẹ jẹ́ ká pe sájẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Kò pọn dandan kó mọ̀."

Ó yí ojú sí mi, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Òun á rò pé òun ń de Jeremiah, kó jẹ́ pé ńṣe ló ń tú u? Kó wá gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu lọ́yà ní kóòtù, níwájú gbogbo ayé?" Ojú tì mí.

Ó gbé alámù jáde. "Màmá, kì í ṣe ẹyẹ. Nǹkan yìí ló wà lójú àjà."

Màmá wò ó. "Ike ni yóò máa ké?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ẹ jẹ́ kó ké."

"Màmá..."

"Mo ní kí ẹ jẹ́ kó ké."

Auntie fi bátìrì sí i. A dúró. Pastor wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí nǹkan náà má dún. Èmi náà ń bẹ̀bẹ̀.

"Kuín!"

Ọmọ ta pọ́n-ún lẹ́yìn rẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí.

"Òun ni," ni ó wí. "Kí ló ń wí?"

"Ó ń wí pé agbára òun ń tán. Pé kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì òun, kí òun lè jí wọn bí iná bá ṣẹ́."

"Ta ló ń wí i fún?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ilé, Mà."

"Èmi ni mo wà nínú ilé."

Mo fẹ́ kí Auntie Bọ́lá parọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà yẹn nìkan ni mo fẹ́ kí ó parọ́.

"A gbàdúrà títí ó fi dákẹ́," ni Màmá wí.

"Ẹ ò mọ̀, Mà. Kò sí ẹni tó sọ fún yín. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mo jó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ó jókòó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ní etí àga, kí ó má baà fún un. Kò sunkún. Ì bá sàn kó sunkún. "Ẹ pe ọlọ́pàá," ni ó wí. "Màá sọ ọjọ́ tó ké àti ọjọ́ tó dákẹ́."

*

Sájẹ́ǹtì wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ògbufọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó tún bi í léèrè, Màmá kò yí ọ̀rọ̀ padà. Kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n dá Jeremiah sílẹ̀ pé kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́ hítà. Alhaji Yẹ̀kínì kò jẹ́jọ́ kankan. Auntie lo gbogbo ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbà pé kò sí òfin tó lè mú un: ó fi alámù sílé tí wọn ò ní kó fi í sí, ìyẹn náà sì ni gbogbo ohun tó ṣe. Mi ò ra iṣu lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Kò sì mọ̀.

Jeremiah ní àfi kí n gbé òun lọ sí Thamesmead. Mo ní kó ní sùúrù, ó kọ̀. Nígbà tí a wọlé, ó na gbalaja sílẹ̀ níwájú Màmá, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Aṣọ mi ni, Mà. Hítà mi ni. Ẹ ṣe mí bó ṣe wù yín."

Ọmọ ń ta ẹsẹ̀ lẹ́yìn Màmá, ebi ń pa á.

"Nígbà tí mo gbà pé ìwọ ni," ni Màmá wí, "mo ní ẹni tí mò ń ṣépè fún. Láàárọ̀ ni, lálẹ́ ni. Ó ń gbé mi ró. Ta ni kí n wá ṣẹ́ ẹ fún báyìí?"

"Ẹ máa ṣẹ́ ẹ fún mi náà, Mà," ni Jeremiah wí láti ilẹ̀. "Mo gbà á."

Màmá mi orí. "Èpè náà kò ní jà mọ́," ni ó wí, ó sì tú ọ̀já, ó gbé ọmọ sí iwájú láti fún un ní oúnjẹ.